Ẹ̀dà Kejì

Àwọn ìwé náà ṣì wà. Ẹni tó bá ní irọ́ ni, kó sọdá afárá àtijọ́ lọ sí Akpakpa ní Kútọnu, kó béèrè ilé Olùkọ́ Ọládipọ̀, kó sì bẹ Adéṣọlá pé kó ṣí dúrọ́ọ̀ ìsàlẹ̀ fún òun. Yóò bá wọn níbẹ̀, ọ̀kan lórí èkejì. Ìtàn yìí kò fi nǹkan kan kún ohun tó ṣẹlẹ̀. Bó bá ṣe ohunkóhun, ńṣe ló yọ díẹ̀ kúrò.

Olùkọ́ Ọládipọ̀, bàbá Adéṣọlá, ló ni ṣọ́ọ̀bù ìtẹ̀wé tó wà nínú ilé náà. Ará Pọ́bẹ̀ ni, Nàgó pọ́ńbélé, bí wọ́n ṣe ń pe Yorùbá níbẹ̀, olùkọ́ ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ fún ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n. Nígbà tó fẹ̀yìn tì sí Kútọnu, ó gbé kọ̀ǹpútà kan àti ẹ̀rọ ìtẹ̀wé kan sí yàrá iwájú ilé rẹ̀, ó sì di ẹni tó ń tẹ̀wé fún gbogbo àdúgbò. Ìwé ìkómọ, ètò ìsìnkú, lẹ́tà sí ọ̀gá ilé ìwé, ìwé ìpàdé ẹgbẹ́ àwọn Nàgó.

Kò fẹ́ràn kí èèyàn máa nàka sí àwòrán kéékèèké lójú kọ̀ǹpútà. Ojú dúdú ló máa ń ṣí, èyí tí kò ní àwòrán kankan, tó jẹ́ pé ọ̀rọ̀ nìkan lèèyàn ń kọ sí i. Ibẹ̀ ló ti ń pàṣẹ fún ẹ̀rọ.

"Ẹ̀rọ dà bí ọmọ kíláàsì kìíní," ni ó máa ń sọ fún Adéṣọlá. "Bó o bá nàka sí nǹkan fún un, ó lè ṣì ọ́ gbọ́. Pè é fún un, kó yé e."

Ó kọ́ ọ bó ṣe ń kọ́ ọmọdé ní a-b-d. *lp* túmọ̀ sí "Tẹ̀ ẹ́." *-n* túmọ̀ sí "Mélòó?" *-o* túmọ̀ sí "Báwo?"

"Bó o bá ní kó tẹ̀ ẹ́, tó ò sọ báwo, bó ṣe wù ú ni yóò ṣe é. Má dá a lẹ́bi."

Ìlà bàbá gan-an kò yí padà rí. Adéṣọlá mọ̀ ọ́n lórí títí dòní:

*lp -n 2 -o sides=two-sided-long-edge -o page-left=72*

Ẹ̀dà méjì. Kó tẹ ojú bébà méjèèjì. Kí àyè tó fẹ̀ tó àtàǹpàkò ṣẹ́ kù lápá òsì. Ẹ̀dà kan fún oníbàárà, ọ̀kan fún ilé. Àyè apá òsì yẹn, abẹ́rẹ́ ló wà fún, nítorí bàbá máa ń fi òwú rán ẹ̀dà ilé pọ̀ fúnra rẹ̀, ní ìrọ̀lẹ́, lórí àga tó wà lẹ́nu ọ̀nà, rédíò á máa sọ̀rọ̀ wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Yorùbá kankan kò sì gbọdọ̀ jáde nínú ṣọ́ọ̀bù yẹn láìní àmì ohùn. Bí oníbàárà ń kánjú, kó jókòó. Bí kò bá lè jókòó, kó lọ síbòmíràn.

Ọdún kẹta rèé tí bàbá ti kú, nígbà tí ọyẹ́ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń dé. Adéṣọlá ti ilẹ̀kùn fún oṣù kan, ó tún un ṣí. Ojú dúdú náà ló mọ̀, òun náà ló ń lò. Ṣùgbọ́n ó gé ìlà bàbá kúrú. *lp*, orúkọ ìwé, ó tán. Ẹ̀dà kan. Orí fóònù làwọn èèyàn ti ń fi ọ̀rọ̀ ránṣẹ́, láìní àmì, òun náà á sì tẹ̀ ẹ́ bó ṣe wà. Kò rán ìwé kankan mọ́. Abẹ́rẹ́ bàbá wà nínú agolo lórí pẹpẹ. Kò fọwọ́ kàn án.

Báyìí ni nǹkan rí títí di oṣù kẹfà ọdún tó kọjá.

Ọ̀sán ọjọ́ Ìṣẹ́gun kan ni. Òjò ti rọ̀ láti àárọ̀, omi dúró lójú títì, àwọn ọlọ́kadà ẹlẹ́wù yẹ́lò ń wakọ̀ gba inú rẹ̀ kọjá. Aago mẹ́rin ṣẹ̀ṣẹ̀ lù. Balqees wọlé, ó ń gbọn omi kúrò lára ìborùn rẹ̀. Aṣọ ọmọdé ló ń tà ní ọjà Dantokpa, àkọ́bí rẹ̀ sì ṣẹ̀ṣẹ̀ bímọ.

"Ìwé ìpè ìsọmọlórúkọ ni. Mo ti fi ránṣẹ́ sí ọ. Ẹyọ kan péré, kí bàbá wọn rí i kí á tó ṣe púpọ̀."

Adéṣọlá kọ àṣẹ rẹ̀ sí ojú dúdú. Ẹ̀rọ hó díẹ̀, ó fa bébà, ó tẹ̀ ẹ́ jáde. Ó dákẹ́.

Lẹ́yìn náà ó tún fa òmíràn.

"Ẹyọ kan ni mo ní o," Balqees wí.

"Ẹyọ kan ni mo tẹ̀, mà."

Èkejì ń jáde bọ̀, díẹ̀díẹ̀, bí ẹni tí kò kánjú. Balqees ló kọ́kọ́ mú un. Ó gbé méjèèjì sí ẹ̀gbẹ́ ara wọn.

"Háà. Èyí ló tiẹ̀ dáa jù. Wò ó, ó lámì."

Adéṣọlá gbà á lọ́wọ́ rẹ̀. Ní ojú kọ̀ǹpútà, ohun tó wà níbẹ̀ ni *A n pe yin si isomoloruko*. Bẹ́ẹ̀ náà ni bébà àkọ́kọ́ sọ. Ṣùgbọ́n lórí èkejì: *À ń pè yín sí ìsọmọlórúkọ*. Gbogbo àmì pé. Gbogbo àmì tó ń wà lábẹ́ lẹ́tà wà níbẹ̀. Àyè kan sì wà lápá òsì, ó fẹ̀ tó àtàǹpàkò.

"Ẹ fi èyí sílẹ̀ fún mi," ó sọ fún Balqees.

Balqees wo ojú rẹ̀. Kò bá a jiyàn. Ó mú àkọ́kọ́, ó lọ.

Lọ́jọ́ kejì, Adéṣọlá pe Ràzáàkì. Ràzáàkì ti ń hewú. Akẹ́kọ̀ọ́ bàbá ni tẹ́lẹ̀ rí, òun ló sì kó kọ̀ǹpútà wá fún un nígbà yẹn, tó fi ojú dúdú hàn án. Ó ti Abomey-Calavi wá, ó dé ní nǹkan bí aago mẹ́ta ààbọ̀, ó jókòó sórí àga bàbá kó tó rántí, ó dìde, ó fa àga mìíràn.

"Kò le," ó ní. "Ẹ̀rọ kì í gbàgbé. Bí èèyàn bá ti sọ 'báwo' fún un, tó ní kó fi pamọ́, títí láé ni. Àṣẹ bàbá ló kù síbẹ̀. Màá nù ún kúrò."

Ó wá ibi tí àwọn àṣẹ máa ń pamọ́ sí. Ó wò ó. Ó tún un wò.

"Kò sí nǹkan kan níbí."

"Kò sí?"

"Ó ṣófo."

Wọ́n tẹ lẹ́tà Faransé kan. Ẹ̀dà kan jáde, ẹ̀rọ dákẹ́. Ràzáàkì rẹ́rìn-ín músẹ́. Aago mẹ́rin lù. Wọ́n tẹ ìwé ìpàdé àwọn Nàgó, èyí tí akọ̀wé ẹgbẹ́ kọ láìlámì. Bébà àkọ́kọ́ jáde. Kí ẹ̀rọ tó mí, Ràzáàkì na ọwọ́, ó fa okùn tó so kọ̀ǹpútà mọ́ ọn yọ.

Ẹ̀rọ fa bébà mìíràn.

Wọ́n ń wò ó. Okùn wà lọ́wọ́ Ràzáàkì. Bébà ń jáde. Adéṣọlá ṣàkíyèsí ohun kan tí kò tíì ṣàkíyèsí rẹ̀ lọ́jọ́ àkọ́kọ́: kò gbọ́ ariwo títì mọ́. Kò gbọ́ alùpùpù kankan. Kò gbọ́ ọmọ tó ń ké ní ilé kejì. Ìró bébà nìkan.

Nígbà tó bọ́ sílẹ̀ tán, ariwo títì padà.

Ràzáàkì fọwọ́ kàn án, ó sì yára yọ ọwọ́ kúrò. Bébà tó bá ti inú ẹ̀rọ yẹn jáde a máa lọ́ wọ́ọ́wọ́, bíi búrẹ́dì àárọ̀. Èyí tutù bí omi àmù.

Ó so okùn padà, ó ṣí ibi tí ẹ̀rọ máa ń kọ iṣẹ́ rẹ̀ sí. "Ẹ̀dà kan ló ní òun tẹ̀."

"Èkejì ńkọ́?"

"Kò mọ èkejì rí."

Ó ṣí fìlà rẹ̀. Ó kọjú sí ẹ̀rọ náà. "Ẹ kú iṣẹ́, Olùkọ́," ó ní, jẹ́jẹ́. Ó kó irinṣẹ́ rẹ̀, ó lọ. Kò mu omi tí Adéṣọlá gbé fún un.

Ìbẹ̀rù ló yẹ kó mú Adéṣọlá. Ó mú un lóòótọ́, alẹ́ ọjọ́ yẹn kò sùn dáadáa. Ṣùgbọ́n nígbà tí ilẹ̀ mọ́, ohun tó wà nínú rẹ̀ kì í ṣe ìbẹ̀rù mọ́. Àárò ni. Ó rántí pé aago mẹ́rin ni bàbá máa ń bẹ̀rẹ̀ sí í tún ìwé àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ṣe nígbà tí òun wà ní kékeré ní Pọ́bẹ̀. Á jókòó sábẹ́ ọsàn, ìwé á ga níwájú rẹ̀, bírò pupa á wà lọ́wọ́ rẹ̀. Òun á jókòó sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹsẹ̀ rẹ̀, á máa gbọ́ bí bírò ṣe ń ha bébà. Bí bàbá bá rí àṣìṣe tó pa á lẹ́rìn-ín, á kà á fún un.

Láti ọjọ́ náà, bó bá ti di aago mẹ́rin, Adéṣọlá á ti ilẹ̀kùn ṣọ́ọ̀bù díẹ̀. Á kọ gbólóhùn kan láìlámì. *Baba mi feran ewa ati gari. Baba mi ki i wo bata ninu ile.* Á tẹ *lp*. Ẹ̀dà kan. Á dúró.

"Ẹ káàsán, Bàbá," á sọ fún yàrá náà.

Títì á dákẹ́. Èkejì á jáde. *Bàbá mi fẹ́ràn ẹ̀wà àti gàrí.* Ó tutù, ó sì pé. Nígbà mìíràn ó máa ń mọ̀ọ́mọ̀ ṣi ọ̀rọ̀ kọ, kó lè rí i tí wọ́n tún un ṣe. Ó rẹ́rìn-ín lọ́jọ́ kan, òun nìkan nínú yàrá, ó sì rántí pé ó ti pẹ́ tí òun ti rẹ́rìn-ín nínú ilé yẹn. Ọjọ́ náà ló mú abẹ́rẹ́ jáde nínú agolo. Ó rán àwọn tó ti jáde pọ̀, ihò mẹ́ta lápá òsì, bí bàbá ṣe máa ń rán an.

Bó ṣe ń bá a lọ nìyẹn títí Ìyá Ekpè fi dé.

Ìyá Ekpè ni Àbẹ̀ní, ẹ̀gbọ́n bàbá, ẹni tó ti lé lọ́gọ́rin ọdún, tó ń gbé lọ́dọ̀ ọmọ rẹ̀ Káyọ̀dé ní Ekpè, lọ́nà etí òkun. Ìdílé fẹ́ pàdé ní Pọ́bẹ̀ ní ìparí oṣù kẹjọ, ó sì fẹ́ kí orúkọ gbogbo ọmọ tí ìyá wọn bí wà lórí ìwé kan, ààyè àti òkú, kí wọ́n tó gbàgbé. Káyọ̀dé ti kọ wọ́n sórí fóònù, ó sì fi ránṣẹ́. Ìyá fúnra rẹ̀ kò mọ̀wé.

"Tẹ̀ ẹ́, kó o kà á sí mi létí," ó ní. "Mo fẹ́ gbọ́ ọ."

Adéṣọlá wo aago. Mẹ́rin ti kọjá. Ó ronú láti ní kí wọ́n dúró di ọ̀la. Lẹ́yìn náà ó ronú pé, àbúrò Ìyá ṣáà ni bàbá. Ó kọ ọ̀rọ̀ rẹ̀, ó tẹ̀ ẹ́.

Àkọ́kọ́ jáde. Títì dákẹ́. Ìyá gbé orí sókè bí ẹni tí wọ́n pè. Èkejì jáde.

Adéṣọlá mú èkejì, nítorí òun ló rọrùn láti kà, ó sì bẹ̀rẹ̀.

"Àbẹ̀ní."

"Èmi nìyẹn."

"Adéníyì."

"Ọlọ́run dẹ ilẹ̀ fún un."

"Ódọ̀la."

Ọwọ́ tí Ìyá fi ń pa orúnkún dúró.

"Kí lo pè?"

Adéṣọlá wo bébà. Lórí àkọ́kọ́, *Odola* ni. Gbogbo ìdílé mọ ìtàn orúkọ yẹn. Ọmọbìnrin kan ni, ó tẹ̀lé Adéníyì, kò pé ọdún kan tó fi lọ, kí wọ́n tó bí Ọládipọ̀ rárá. Ìyá wọn kò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni dárúkọ ọmọ náà mọ́. Bébà ìrìbọmi kan ṣoṣo ló kù, *Odola* ni àlùfáà òyìnbó kọ síbẹ̀, gbogbo èèyàn sì gbà pé Adédọlá ló fẹ́ kọ, pé òyìnbó ló ṣì í. Dọlá ni wọ́n ń pè é láti ìgbà yẹn.

"Ódọ̀la," Adéṣọlá tún wí. "Bí wọ́n ṣe fi àmì sí i nìyí, Ìyá. Bóyá àṣìṣe ni."

"Tún un pè."

"Ódọ̀la."

Ohùn Ìyá Ekpè ti yí padà, ó dà bí ohùn ọmọdébìnrin.

"Ìyá wa," ó ní. "Ní gbogbo ìrọ̀lẹ́. Tí oòrùn bá ti ń wọ̀, wọ́n á jáde sí ẹ̀yìnkùlé. Wọ́n á kọjú sí igbó. Wọ́n á ní, 'Ó dọ̀la o.' Ẹ̀ẹ̀kan péré. Wọ́n á wọlé, wọ́n á ti ilẹ̀kùn. A rò pé aládùúgbò ni wọ́n ń kí pé ó di ọ̀la. Títí wọ́n fi kú, Adéṣọlá. Títí wọ́n fi kú ni wọ́n ń ṣe é."

Ó nu ojú rẹ̀.

"Kò sí ẹni tó ń gbé lẹ́yìn ilé wa. Kí ló dé tí a kò ronú sí i? Igbó ni. Ọmọ wọn ni wọ́n ń pè. Wọ́n ti fi orúkọ bẹ̀ ẹ́, bí a ṣe ń bẹ àbíkú, láti ìgbà tí wọ́n bí i: má lọ lónìí, ó dọ̀la. Lójoojúmọ́, ó dọ̀la."

Wọ́n jọ sunkún. Lẹ́yìn náà Ìyá ní kí Adéṣọlá ka orúkọ náà lẹ́ẹ̀kan sí i, ó sì dáhùn sí i bí èèyàn ṣe ń dáhùn sí orúkọ àbúrò rẹ̀. Káyọ̀dé wá gbé e nígbà tí ilẹ̀ ń ṣú. Ìyá mú bébà àkọ́kọ́ lọ, èyí tí kò lámì. Ó ní òun kò ní lè sùn nínú ilé kan náà pẹ̀lú èkejì.

"Bàbá rẹ ló kọ ọ́, àbí?" ó bi í lẹ́nu ọ̀nà.

"Bẹ́ẹ̀ ni, mà."

"Ta ló wá sọ fún un?"

Adéṣọlá sìn wọ́n dé ojú títì. Ó wọlé. Lábẹ́ ibùsùn bàbá, àpótí kan wà tí àwọn káyé rẹ̀ wà nínú rẹ̀, ìwé ìkọ̀wé aláwọ̀ búlúù, irú èyí tí ọmọ ilé ìwé ń lò. Ó mọ̀ pé bàbá kọ ìtàn ìdílé sínú ọ̀kan. Ó wá a rí. Ó ṣí i sí ibi tí orúkọ àwọn ọmọ ìyá rẹ̀ wà. Ọwọ́ bàbá ni, ó tẹ́jú, ó gún régé, àmì ohùn dúró lórí ọ̀rọ̀ bí ẹyẹ lórí wáyà.

*Dọlá*, ni bàbá kọ. Nísàlẹ̀ rẹ̀, pẹ̀lú bírò pupa: *Adédọlá ni. Òyìnbó ló ṣì í kọ.*

Ó kà á lẹ́ẹ̀mẹta. Bàbá kò mọ̀. Ó lo ayé rẹ̀ tán, kò mọ̀. Yàtọ̀ sí ọmọ náà fúnra rẹ̀, ìyá bàbá ni ẹnì kan ṣoṣo tó mọ̀, ìyá bàbá kò sì mọ̀wé kọ, kò di bírò mú rí láyé rẹ̀.

Adéṣọlá jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ àpótí náà. Ó ronú nípa gbogbo aago mẹ́rin tó ti kọjá, oṣù méjì gbáko. "Ẹ káàsán, Bàbá." Ó ń rẹ́rìn-ín. Ó ń sọ bí òun ṣe ń gbé ayé. Ẹnì kan sì ń gbọ́ ọ.

Kò ṣí ṣọ́ọ̀bù fún ọjọ́ mẹ́ta. Ní ọjọ́ kẹrin, ó ṣí i. Oòrùn ń ràn, títì kún fún ariwo, ẹnì kan ń polówó omi yìnyín. Ó jókòó títí aago mẹ́rin fi lù. Kò kí ẹnikẹ́ni. Ó ṣí ìwé tuntun, ó kọ ọ̀rọ̀ mẹ́ta péré sínú rẹ̀ láìlámì:

*Ta ni yin*

Ó ronú, kó tó tẹ̀ ẹ́. Ó sọ mélòó. Ó sọ báwo. Gbogbo rẹ̀ ló pè fún ẹ̀rọ kó má baà ṣì í gbọ́: ẹ̀dà kan, ojú bébà kan, kó má fi àyè sílẹ̀ lápá òsì rárá.

Ẹ̀rọ ṣe é bó ṣe wí. Bébà kan, ó lọ́ wọ́ọ́wọ́. *Ta ni yin.*

Ariwo títì lọ.

Èkejì pẹ́ kó tó jáde. Kò tíì pẹ́ tó bẹ́ẹ̀ rí. Nígbà tó bọ́ sílẹ̀, Adéṣọlá fi í sílẹ̀ níbẹ̀ fún ìgbà díẹ̀, kó tó tẹ̀ síwájú, kó sì wò ó. Àyè wà lápá òsì. Ní àárín bébà, ọ̀rọ̀ mẹ́ta, àmì wọn pé:

*Ta ni yín?*

Òun kò fi àmì ìbéèrè sí tirẹ̀.

Ó dúró tì í títí ilẹ̀ fi ṣú. Kò mọ̀ bóyá ńṣe ni wọ́n tún ọ̀rọ̀ rẹ̀ ṣe, tàbí ńṣe ni wọ́n ń bi òun náà. Títí dòní kò mọ̀. Bó bá sì jẹ́ pé ìbéèrè ni, bàbá rẹ̀ kò pè é ní "ẹ̀yin" rí láyé rẹ̀. Ẹni tó ń béèrè ń bọ̀wọ̀ fún un, bí ọmọ kékeré ṣe ń bọ̀wọ̀ fún àgbà tí kò mọ̀ rí.